Eyín Méjì àti Ìrù Kan: Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹranko Nínú Àwòrán Àwọn Ará Haida

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà kan. Gbòǹgbò igi ni wọ́n fi hun ún. Ó ga díẹ̀ láàárín, etí rẹ̀ sì fẹ̀ yíká débi pé òjò kò lè kán sí ẹni tí ó dé e lọ́rùn. Isabella Edenshaw, obìnrin kan nínú àwọn Haida, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ etíkun Canada, ni ó máa ń hun irú fìlà bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Charles Edenshaw, ni ó sì máa ń fi ọ̀dà dúdú àti pupa ya ẹranko sí i lára. Bí ẹ bá dúró níwájú ẹni tí ó dé e, ojú ńlá méjì àti ẹnu gbàgàdà ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí apá àti èékánná. Bí ẹ bá rìn yí i ká dé ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá ìdí ẹranko náà pàdé. Kò sí ibi tí ènìyàn lè dúró sí kí ó rí odindi ẹranko yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi ẹyẹ tí ń fò kọjá lókè. Ní téńté orí fìlà náà, níbi tí ojú ènìyàn kì í sábà dé, Edenshaw a máa ya ìràwọ̀ onígun mẹ́rin kan, a sì pín igun kọ̀ọ̀kan sí àwọ̀ méjì. Kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ìràwọ̀ yẹn wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ, bí mo tilẹ̀ máa gba ọ̀nà púpọ̀ dé ibẹ̀: ayàwòrán Haida kì í ya ẹranko bí ojú ṣe rí i, ó ń pè é lórúkọ ni, orúkọ tí ó ń pè náà sì jẹ́ ohun ìní ìdílé kan. Ẹni tí ó bá wo àwòrán Haida pẹ̀lú ìrètí pé kí ẹranko inú rẹ̀ jọ èyí tí ń rìn nínú igbó yóò fi ìbínú kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó bí ẹni tí ń gbọ́ oríkì, tí ó tẹ́tí sílẹ̀ de gbólóhùn tí yóò tú ilé ẹni tí wọ́n ń kì fó, ni yóò rí nǹkan mú lọ sílé.

Erékùṣù Haida Gwaii ni ilẹ̀ àwọn ènìyàn yìí, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Canada, àwọn kan nínú wọn sì wà ní gúúsù Alaska ní Amẹ́ríkà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ erékùṣù náà ní Queen Charlotte Islands ní ọdún 1787, kí ìjọba tó dá orúkọ àwọn onílẹ̀ padà fún un ní 2010. Old Massett ní àríwá àti Skidegate ní gúúsù ni ìlú wọn tí ó kù lónìí. Òjò pọ̀ níbẹ̀, igi kédárì sì ń ga ń fẹ̀ nínú òjò náà. Igi yìí kò wúwo, ó ń là ní tààrà, kì í sì í tètè jẹrà. Òun ni wọ́n fi ń kọ́lé, òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀, òun ni wọ́n fi ń kan àpótí. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń hun ní ẹní àti okùn. Ara kédárì yìí náà ni púpọ̀ nínú àwòrán tí mo ń sọ wà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí á mọ̀ kí á tó lọ jìnnà. Béárì ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní grizzly kò sí ní Haida Gwaii. Béárì dúdú nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìkookò kò sí níbẹ̀. Bífà, ẹranko tí ó dà bí òyà ńlá, tí ń fi eyín gé igi lulẹ̀ tí ó sì ń fi í sé odò, kò sí níbẹ̀ rárá títí àwọn ènìyàn fi kó o wá láti òdìkejì omi ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Síbẹ̀, ọjọ́ pẹ́ tí béárì yẹn, ìkookò àti bífà ti wà lára ilé, lára àpótí àti lára fìlà àwọn Haida. Ìgbéyàwó, ogun àti òwò pẹ̀lú àwọn ará ilẹ̀ tí ó kọjú sí wọn lódì kejì omi ni ó gbé irú àmì bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayàwòrán ti lè ya bífà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láì fi ojú kan bífà rí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìfẹ́ igbó àti ẹranko ni ó bí iṣẹ́ ọnà yìí. Kò burú bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bífà yìí kò jẹ́ kí n gbà á tán.

Ìhà méjì ni gbogbo Haida pín sí, ìhà Ìwò àti ìhà Idì. Ìwò yìí ni ẹyẹ dúdú tí Nóà kọ́kọ́ rán jáde nínú ọkọ̀, ìbátan kannakánná tiwa. Ará ìhà kan kò gbọdọ̀ fẹ́ ará ìhà rẹ̀. Ìwò ń fẹ́ Idì, Idì ń fẹ́ Ìwò, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ sì ń bọ́ sí. Lábẹ́ ìhà kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìdílé wà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn àmì tirẹ̀. Àbùùbùtán dúdú-òun-funfun tí ó ní eyín, èyí tí ń ṣọdẹ bí ìkookò inú òkun, ìhà Ìwò ni ó ni í; n ó máa pè é ní àbùùbùtán eléyín. Bífà jẹ́ ti ìhà Idì. Ìtàn ni ó máa ń bá àmì rìn, ìtàn bí ẹnìkan nínú ìdílé náà ṣe bá ẹ̀dá náà pàdé. Lójú àwọn Haida, ènìyàn ni àwọn ẹranko jẹ́ nínú ilé tiwọn: àbùùbùtán eléyín ní ìlú lábẹ́ òkun, ó ní baálẹ̀, awọ tí a sì ń rí lára rẹ̀ dà bí ẹ̀wù tí ó gbé wọ̀ jáde. Nínú èdè wọn, sgaana ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àbùùbùtán yìí, òun náà sì ni wọ́n fi ń pe agbára àwọn ẹ̀dá àìrí.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ya àmì ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀ sí ara ilé rẹ̀ ti jalè. Bí baálé bá fẹ́ gbé àmì tuntun jáde tàbí kí ó fi ti àtijọ́ hàn lára ilé tuntun, àsè ńlá tí à ń pè ní potlatch ni yóò ṣe. Yóò pe ìhà kejì, yóò bọ́ wọn, yóò sì fún wọn ní ẹ̀bùn rẹpẹtẹ. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀bùn náà ti di ẹlẹ́rìí pé onílé ni ó ni ohun tí ó fi hàn.

Wàyí o, báwo ni àwọn àlejò tí ó jókòó síbi àsè ṣe ń mọ ẹranko tí ó wà lára ògiri? Àwọn ẹ̀yà ara díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bífà ni ó rọrùn jù lọ: eyín méjì gbọọrọ níwájú ẹnu, igi tí ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, àti ìrù pẹlẹbẹ tí wọ́n fa ìlà lé lórí bí ojú àwọ̀n. Bí eyín méjì àti ìrù yìí bá ti wà, ayàwòrán lè ṣe ìyókù ara bí ó bá ṣe wù ú. Àbùùbùtán eléyín ní lẹbẹ gíga kan lẹ́yìn, ó ní ihò ìmí lórí, eyín sì kún ẹnu rẹ̀. Àkurákudà ní iwájú orí tí ó ga ṣóńṣó, igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ bí ti ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ kọrọdọ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tí omi ń gbà jáde. Béárì ní etí ńlá, ẹnu fífẹ̀, eyín, èékánná, ahọ́n rẹ̀ a sì máa yọ síta nígbà mìíràn. Ẹnu àkèré fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n kò ní eyín kankan. Ẹja pẹlẹbẹ tí ń sùn sí ìsàlẹ̀ òkun ní ojú méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ gba sùúrù. Ìwò, idì àti àwòdì lè jọra láti orí dé ìrù, ẹnu wọn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti ìwò gùn, ó sì tọ́. Ti idì, ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ti àwòdì tẹ̀ débi pé ṣóńṣó náà padà wá kan ojú òun fúnra rẹ̀. Bí ọ̀dà bá bó ní ibi kékeré yẹn, olúwa rẹ̀ lè máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Etí pẹ̀lú ṣe pàtàkì: bí etí bá wà ní òkè orí, ẹranko ni, bí kò bá sí níbẹ̀, ènìyàn ni a ń wò. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé àmì ni gbogbo rẹ̀, ayàwòrán lè da méjì pọ̀. Wasgo, ẹ̀dá tí ìtàn sọ pé ó máa ń wọ òkun lóru láti lọ pa àbùùbùtán wá sílé, ní imú àti ẹsẹ̀ ìkookò pẹ̀lú lẹbẹ àbùùbùtán eléyín. Kò sẹ́ni tí ó rí i rí, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá ti rí i lára pákó.

Àwọ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà. Dúdú ni ó ń gbé àwòrán ró. Ìlà dúdú kan yóò bẹ̀rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sanra láàárín, yóò tún tín-ín-rín níbi tí ó ti fẹ́ pàdé òmíràn, gbogbo wọn yóò sì so mọ́ra láti orí dé ìrù láìjá. Bill Holm, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà tí ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1965, pe ìlà náà ní formline, orúkọ yẹn ni àwọn ayàwòrán Haida fúnra wọn sì ń lò nísinsìnyí bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Pupa ni ó ń tẹ̀lé dúdú, nínú àgọ́ ara, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ahọ́n àti ní ọwọ́. Àwọ̀ kẹta, tí ó wà láàárín àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run, máa ń fara pamọ́ sí àwọn kọ̀rọ̀ tí ó kù. Èédú ni wọ́n sábà ń lọ̀ fún dúdú, òkúta pupa tí irin wà nínú rẹ̀ fún pupa. Ohun tí ó so ọ̀dà náà mọ́ igi ni ẹyin ẹja sámọ́nì: ayàwòrán yóò fi èèpo kédárì dì í, yóò jẹ ẹ́ lẹ́nu, yóò tu omi rẹ̀ sínú awo òkúta, yóò sì pò ó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti lọ̀. Irun òòrẹ̀ tí wọ́n so mọ́ igi ni búrọ́ọ̀ṣì wọn, òòrẹ̀ pẹ̀lú kò sì sí ní erékùṣù náà. Wọ́n ń rà á ni.

Nǹkan kan tún wà tí ó máa ń dààmú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó. Ní èjìká ẹranko, ní ìbàdí, ní ọrùn ọwọ́, ní ìdí ìrù, ojú wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wo àwòrán àbùùbùtán eléyín dáadáa, mo ka ojú mẹ́fà, mo sì rò pé ẹranko mẹ́ta ni ó fún pọ̀ sójú kan. Oríkèé ara ni wọ́n ń fi ojú wọ̀nyẹn hàn. Ìrísí wọn dà bí ẹyin tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó lè jókòó, àwọn ayàwòrán a sì máa gé awọ tàbí èèpo igi sí irú ìrísí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi í wọn ọ̀tún àti òsì kí ó bá ara mu.

Àpótí ni ibi tí mo ti rò pé a ti lè rí ọgbọ́n yìí ní ojúkojú jù lọ. Ẹ fi ojú inú wo pákó kédárì kan tí ó gùn. Oníṣẹ́ ọnà yóò gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i ní ìbú, yóò fi ooru omi gbígbóná rọ igi náà, yóò sì ká a ní ibi mẹ́ta wọ̀nyẹn títí orí pákó yóò fi pàdé ìdí rẹ̀. Igun kẹrin nìkan ni yóò fi èèkàn igi kan pọ̀ tàbí kí ó fi okùn rán an. Odindi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin jáde láti inú pákó kan, omi kò sì jò níbẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé irú àpótí yìí fún ayàwòrán pé kí ó ya béárì sí i, ibo ni yóò gbé e sí? Bí ó bá yà á sí iwájú nìkan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ṣófo. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń la béárì náà láti ẹ̀yìn bí a ṣe ń la ẹja tí a fẹ́ sá sóòrùn. Ojú yóò wà ní iwájú ní odindi, ìlàjì ara yóò tẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìlàjì kejì yóò gba òsì, ìdí yóò sì pàdé ní ẹ̀yìn. Kò gé nǹkan kan dànù. Béárì ni ó gba ìrísí àpótí, àpótí kò gba ti béárì. Fìlà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Ó kàn jẹ́ pé òun rí róbótó ni.

Àpótí náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ nínú ìtàn wọn. Nígbà tí ayé ṣókùnkùn, bàbá arúgbó kan ni ó fi ìmọ́lẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, àpótí yẹn wà nínú òmíràn, òmíràn nínú òmíràn. Ìwò sọ ara rẹ̀ di ewé kékeré bí abẹ́rẹ́, ó já bọ́ sínú omi tí ọmọbìnrin bàbá náà fẹ́ mu, ọmọbìnrin náà sì fi bẹ́ẹ̀ lóyún rẹ̀. Ìwò di ọmọ-ọmọ nínú ilé. Ó ń ké, ó ń ké, ó ní àpótí ni òun fẹ́ fi ṣeré, bàbá sì ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tí ó kẹ́yìn. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tẹ ìmọ́lẹ̀, ó padà di ẹyẹ, ó sì bá ihò èéfín òrùlé lọ.

Ní 1897, Franz Boas, ọmọ Jámánì tí ó ti di onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, pàdé Charles Edenshaw ní Port Essington, ìlú kan ní etíkun Canada, ó sì ní kí ó ya àwọn ẹranko sórí ìwé fún òun, kí ó máa sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àwọn àlàyé yẹn wà lára ohun tí ìwé tí Boas tẹ̀ ní 1927 dúró lé, púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ nípa eyín àti ìrù sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, Boas sọ̀rọ̀ nípa àpótí kan tí Edenshaw ṣàlàyé fún un pé Ìwò ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ní ọ̀nà mẹ́rin. Boas kò gbà. Ó ní èrò inú ọkùnrin náà lásán ni, nítorí pé kò rí àmì Ìwò tí ó dá òun lójú níbẹ̀. Èmi kò lè dá Boas lẹ́bi pátápátá, nítorí ọ̀pọ̀ àpótí wà tí ayàwòrán ti fi ìrísí kún ojú pákó débi pé kò ku àmì kan tí a lè dì mú. Ṣùgbọ́n Edenshaw kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Albert Edward Edenshaw, ni ó ti jogún oyè, ó sì ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí akéwì bá sọ pé ẹni báyìí ni òun ń kì, tí àlejò sì ní òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ewì, ó ṣeé ṣe kí àlejò náà má tíì mọ gbogbo orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́.

Àkókò tí àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àkókò ìrọ̀rùn. Ní 1862, ṣànpọ̀nná bá ọkọ̀ òkun dé ìlú Victoria. Àwọn aláṣẹ lé àwọn onílẹ̀ tí wọ́n pàgọ́ sí ẹ̀bá ìlú padà sílé, àrùn sì bá wọn délé. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún náà fi máa parí, gbogbo Haida tí ó kù ní erékùṣù náà kò tó 1,000, àwọn tí ó kù sì ti kó kúrò ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ lọ sí Massett àti Skidegate. Láti 1885 títí di 1951, òfin Canada ka potlatch sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ẹlẹ́rìí: bí kò bá sí àsè, kò sí ibi tí a ti ń fi àmì hàn, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn àlejò tí ń rajà àti àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni iṣẹ́ Edenshaw wá ń lọ. Ó kú ní 1920.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ni okùn náà ti tún so. Bill Reid, tí a bí ní 1920 kan náà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Haida, ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí ó tó fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà. Bàbá ìyá rẹ̀ jẹ́ ìbátan Edenshaw. Ó lo ọdún púpọ̀ ní wíwo iṣẹ́ àtijọ́ nínú àwọn ilé àkójọ, ó ń yà wọ́n wò, ó ń wọn ìlà wọn. Robert Davidson, tí a bí ní 1946, tí Edenshaw jẹ́ bàbá ìyá bàbá rẹ̀, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Reid, ó sì gbé òpó gbígbẹ́ kan nàró ní Massett ní 1969, àkọ́kọ́ láti nǹkan bí 90 ọdún. Iṣẹ́ Davidson lórí aṣọ títẹ́ pẹlẹbẹ ni ó wù mí jù. Aṣọ náà kò ní igun, kò ní ẹ̀yìn, kò sí àpótí tí yóò tẹ ẹranko. Davidson fúnra rẹ̀ ni ó wá ń wá ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, á mú ìlà kan ṣoṣo lára ẹyẹ, bóyá ìyẹ́ tàbí etí ojú, á sọ ọ́ di ńlá títí yóò fi gba gbogbo ojú aṣọ, ìyókù ẹyẹ náà á sì wà ní òde, níbi tí a kò ti lè rí i. Àwọn kan ń ráhùn pé àwọn kò mọ ẹranko tí ó jẹ́ mọ́. Bí Boas ṣe ráhùn nìyẹn.

Ní 2004, ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ Canada gbé owó ogún dọ́là tuntun jáde, iṣẹ́ Bill Reid sì wà lẹ́yìn rẹ̀, béárì kan sì wà lára àwọn iṣẹ́ náà. Owó oníláílọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀ ní 2012, ṣùgbọ́n àwọn ará wa tí ó ti dé Toronto tàbí Calgary ṣáájú ìgbà yẹn ti ná an dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé àwọn kan ṣì fi ọ̀kan há inú Bíbélì. Kí wọ́n yọ ọ́ jáde, kí wọ́n wá etí ní òkè orí, kí wọ́n wá eyín nínú ẹnu fífẹ̀. Béárì nìyẹn, kì í ṣe bífà, kò mú igi lọ́wọ́.